Ohun Tí Ìsọ̀rí Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Fi Ojú Mi Rí

Ẹni tó bá ti jókòó fún ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tí èsì rẹ̀ kò dára, tí àwọn ẹbí sì ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé orí rẹ̀ ni kò gba èdè òyìnbó, òun gan-an ni mo torí rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti wà nírú ipò yẹn rí. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé àwọn ọ̀rọ̀ tí mo rò pé mo mọ̀ dunjú ni wọ́n ń gbé mi ṣubú: 'water', 'hand', 'book', 'well', 'round', àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí a fi bẹ̀rẹ̀ ní kílàásì ìkínní. Wọ́n kọ́ mi pé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìsọ̀rí tirẹ̀, bí ọ̀rọ̀ orúkọ tàbí ọ̀rọ̀ ìṣe, mo sì gbà pé inú ìsọ̀rí yẹn ni yóò wà títí láé. Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀.

Nínú agboolé aláró ní Ìtọ́kú, ní Abẹ́òkúta, ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ, a máa ń dìde dúró, a óò sì jọ ké e bí orin pé 'A noun is the name of any person, animal, place or thing'. Bí a bá parí ìyẹn, a óò tún ké e pé 'A verb is an action word'. Lẹ́yìn náà ni tíṣà yóò fa ìlà sí àárín pátákó, yóò kọ ọ̀rọ̀ orúkọ sí apá òsì, yóò sì kọ ọ̀rọ̀ ìṣe sí apá ọ̀tún. 'Water' wà lápá òsì. 'Hand' wà lápá òsì. 'Run' àti 'jump' wà lápá ọ̀tún. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó kọjá ìlà náà rí, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wa pé ó lè kọjá. N kò dá tíṣà náà lẹ́bi, nítorí ibì kan ni ọmọ kékeré gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé ìlà tó fà yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí tí mo fi jáde ní ilé ẹ̀kọ́ girama.

Ìdí tí ẹ̀kọ́ náà fi tètè wọ̀ mí lára ni pé bí èdè tèmi gan-an ṣe rí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ Yorùbá máa ń gbé àmì ìsọ̀rí rẹ̀ sára. Kọ́ńsónáǹtì ni gbogbo ọ̀rọ̀ ìṣe wa fi ń bẹ̀rẹ̀: jẹ, mu, dì, rẹ, tà, sùn. Fáwẹ̀lì sì ni ó bẹ̀rẹ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ orúkọ wa. Bí a bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ìṣe di ọ̀rọ̀ orúkọ, a óò fi àfòmọ́ síwájú rẹ̀, tàbí kí a ṣe àpètúnpè kọ́ńsónáǹtì rẹ̀, kí 'rẹ' di 'rírẹ', kí 'tà' sì di 'títà'. Ọjà tí wọ́n mọ Ìtọ́kú mọ́ fúnra rẹ̀ ń jẹ́rìí sí i: a óò di aṣọ, a óò rẹ ẹ́ sínú aró, 'à' yóò wá síwájú ọ̀rọ̀ ìṣe méjèèjì, ó di 'àdìrẹ'. Ṣùgbọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì, aró tó wà nínú ìkòkò ni 'dye', iṣẹ́ tí a fi aró náà ṣe sára aṣọ ni 'dye' pẹ̀lú. 'The dye is ready', 'They dye cloth in Itoku': kò sí àfòmọ́, kò sí àpètúnpè, kò sí ohun kan tó yí padà lára ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ Yorùbá tó ń retí pé kí ọ̀rọ̀ fi ìrísí rẹ̀ sọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò retí títí ni.

Nígbà tí èsì WAEC mi jáde, mo rí kírẹ́díìtì nínú àwọn iṣẹ́ mìíràn, àmọ́ D7 ni mo gbà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Láti A1 dé C6 ni wọ́n ń pè ní kírẹ́díìtì, yunifásítì sì ń béèrè kírẹ́díìtì Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ wọlé, ohun yòówù kó fẹ́ kọ́ níbẹ̀. Mo tún ìdánwò náà ṣe, mo forúkọ sílẹ̀ fún GCE, ibi kan náà ni ọ̀rọ̀ ń bọ́ sí. Àwọn tí a jọ jáde ń wọ ọkọ̀ ní Kútọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, èmi ń fi àbẹ́là yíyọ́ ya ara aṣọ funfun. Iṣẹ́ náà kọ́ ló ń dùn mí, torí òun ni màmá mi fi rán mi níwèé. Ohun tó ń gún mi lọ́kàn ni bí màmá mi ṣe máa ń tẹríba, tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí ká aṣọ tó ti wà ní kíká tẹ́lẹ̀, nígbà tí oníbàárà kan bá bi wọ́n pé ọdún wo ni mo wà ní yunifásítì báyìí. Ẹnìkan tilẹ̀ gbà wá nímọ̀ràn pé kí n lọ forúkọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ ìdáhùn sójú pátákó fún akẹ́kọ̀ọ́. Màmá mi kọ̀ jálẹ̀, inú mi sì dùn títí dòní pé wọ́n kọ̀.

Ohun tí mo wá ṣe ni pé mo fi kún ohun tí mo ń há sórí. Mo ra ìwé pélébé kan ní Sápọ́n tí wọ́n to ọ̀rọ̀ sí, ìtumọ̀ kan fún ọ̀rọ̀ kan, ìsọ̀rí kan fún ọ̀rọ̀ kan. Mo há a láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ gbọ́ mi dáadáa: bí ọ̀rọ̀ tí a há báyìí ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni àyọkà á máa ṣókùnkùn síni sí i, nítorí ibi tí a bá ti rí ọ̀rọ̀ tí a mọ̀ ni a óò ti dá a dúró sójú ìtumọ̀ kan ṣoṣo tí a há, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbólóhùn náà ń pariwo pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá Láfẹ́nwá, níbi tí àgùnbánirọ̀ kan ti ń kọ́ àwa tí a fẹ́ tún ìdánwò ṣe. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, 'àǹtí' ni ó ń pè mí, àmọ́ tíṣà ni èmi náà ń pè é, n kò sì fi 'ìwọ' bá a sọ̀rọ̀ rí. Ó fún wa ní àyọkà kan lórí ọmọbìnrin tí bàbá rẹ̀ kú. Gbólóhùn kan nínú rẹ̀ ni 'Bisi shouldered the cost of her brothers' education.' Wọ́n fa ìlà sábẹ́ 'shouldered', ìbéèrè náà sì ni pé kí a wá ọ̀rọ̀ mìíràn tó lè rọ́pò rẹ̀. Èmi kọ 'part of the body'.

"Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí mi," ni ó wí, "ẹ fi ohun tí ẹ kọ yìí sí ipò rẹ̀ nínú gbólóhùn náà, kí ẹ wá kà á jáde."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí kà á. Kí n tó dé ìdajì, mo dákẹ́.

"Kí ni Bísí ṣe níbẹ̀, mà?"

"Ó gbé ìnáwó àwọn àbúrò rẹ̀ rù, tíṣà."

"Ẹ ò rí i, ẹ mọ̀ ọ́n. 'Gbé rù' lẹ sọ, ẹ ò sọ pé èjìká. Ẹ wo '-ed' tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ sì wo ìbéèrè yìí lẹ́ẹ̀kan sí i, ibi tí wọ́n ti kọ 'as it is used in the passage'."

Gbogbo ìwé ìdánwò tí mo ti ṣe ni gbólóhùn yẹn wà, bí wọ́n ṣe lò ó nínú àyọkà, ojú mi kò sì dúró lé e lórí rí. Inú bí mi ní alẹ́ ọjọ́ náà. Mo ronú kan owó tí màmá mi ti ná, mo sì ronú kan bí ohun tí mo nílò ṣe wà lójú ìwé níwájú mi láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó yẹ níbẹ̀ ni 'bore' tàbí 'carried', tí àwọn náà jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe, tí wọ́n sì wà fún ohun tó ti kọjá bíi 'shouldered'. 'Carry' lásán kò tó, nítorí ohun tí yóò rọ́pò ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ wọ inú gbólóhùn náà wẹ́kú láìjẹ́ pé a yí ohunkóhun padà.

Ìdáhùn tí mo fi ẹnu ara mi sọ fún tíṣà náà ni ó ṣí mi lójú. Yorùbá ti mọ ìsọ̀rí ọ̀rọ̀ náà kí èmi tó mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí túmọ̀ gbólóhùn lódindi sí Yorùbá lọ́kàn mi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. 'The water is deep' ni omi náà jìn, 'Water the plants' ni bomi rin àwọn ewéko náà: 'omi' nínú ọ̀kan, 'bomi rin' nínú èkejì, ìsọ̀rí ti hàn. 'Give me your hand' ni fún mi lọ́wọ́ rẹ, 'Hand me the cloth' ni na aṣọ náà sí mi. 'Dyeing is her trade' ni aṣọ rírẹ ni iṣẹ́ rẹ̀, 'She is dyeing cloth' ni ó ń rẹ aṣọ. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì fi ìrísí kan ṣoṣo bò, 'rírẹ' àti 'ń rẹ' ti tú u fó. (Ẹni tó bá ń kọ ọ̀rọ̀ yìí kí ó rántí 'e' tó wà láàárín rẹ̀ o, torí 'dying' tí kò ní 'e' ti di ẹni tó ń kú lọ.) Abẹ́òkúta níbí ni Henry Townsend, míṣọ́nnárì òyìnbó, ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní èdè Yorùbá ní 1859, tí wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì kún un ní 1860. Mo máa ń ronú nípa àwọn tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ láàárín èdè méjèèjì nígbà yẹn, nítorí ẹni tó ń túmọ̀ kò lè sáré kọ 'omi' sílẹ̀ láìkọ́kọ́ wo ohun tí 'water' ń ṣe níbẹ̀.

Ọ̀nà yìí ní ibi tí kò gbà, mo sì fẹsẹ̀ kọ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ọ̀rọ̀ àpèjúwe, ọ̀rọ̀ ìṣe ni ó sábà máa ń jẹ́ lẹ́nu tiwa. 'The water is cold' ni omi náà tutù, 'He is tall' ni ó ga, ọ̀rọ̀ ìṣe sì ni 'tutù' àti 'ga'. Nítorí náà ni mo ṣe kọ ọ́ nínú iṣẹ́ kan pé ọ̀rọ̀ ìṣe ni 'cold', wọ́n sì fa ìlà pupa sí i. Bí 'is', 'was' tàbí 'are' bá ti wà níwájú irú ọ̀rọ̀ àpèjúwe bẹ́ẹ̀ nínú gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì, òun ni ọ̀rọ̀ ìṣe, kí a má ṣe jẹ́ kí Yorùbá, tí kò nílò rẹ̀ níbẹ̀, mú wa gbàgbé rẹ̀.

Mo wá ra ìwé atúmọ̀ èdè àlòkù kan, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. 'Round' ni mo kọ́kọ́ ṣí. Ọ̀rọ̀ àpèjúwe ni nínú 'a round table', ọ̀rọ̀ orúkọ nínú 'the second round', ọ̀rọ̀ ìṣe nínú 'We rounded the corner', ọ̀rọ̀ àpọ́nlé nínú 'She turned round', ọ̀rọ̀ atọ́kùn nínú 'They sat round the fire'. Ìsọ̀rí márùn-ún, ọ̀rọ̀ kan. Mo ṣí 'fast': 'a fast car', 'He runs fast', 'Muslims fast in Ramadan', 'She broke her fast'. Mo ṣí 'well', mo bá kànga níbẹ̀, mo bá ìlera, mo bá ṣíṣe nǹkan dáadáa, mo tún bá omijé tó ń gun ojú. Àní 'but' tí gbogbo wa mọ̀ sí ọ̀rọ̀ asopọ̀, ọ̀rọ̀ atọ́kùn ni nínú 'all but one'. Àwọn lẹ́tà kéékèèké tó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ láti sọ ìsọ̀rí rẹ̀, 'n.', 'v.', 'adj.', 'adv.', 'prep.', tí mo ti ń fojú fò láti kékeré, ni mo wá ń kọ́kọ́ wò. Mo ní ìwé kan tí mo ń kọ wọ́n sí, odindi gbólóhùn ni mo sì ń kọ, n kò kọ ọ̀rọ̀ kan ní òun nìkan mọ́.

Tíṣà náà kọ́ wa láti wo aládùúgbò ọ̀rọ̀. Bí 'can', 'will' tàbí 'must' bá wà níwájú ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ìṣe ni yóò jẹ́, bó ti wù kí ó jọ orúkọ tó: 'You can book a seat', 'Two guards will man the gate'. Bí 'the', 'a' tàbí 'my' bá wà níwájú rẹ̀, tí kò sì sí orúkọ mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ orúkọ ni. Ṣùgbọ́n kí ẹ ṣọ́ra fún 'to'. Mo ti gbà pé ọ̀rọ̀ ìṣe ni yóò máa tẹ̀lé e, nítorí 'to eat' àti 'to go', ni mo bá ń kọ 'I look forward to hear from you' nínú lẹ́tà. Ọ̀rọ̀ atọ́kùn ni 'to' níbẹ̀, orúkọ tàbí ohun tó ń ṣe bí orúkọ ni ó ń fẹ́: 'to your visit', 'to hearing from you'. Ẹ ṣọ́ra fún '-s' náà, torí ó ń sọ orúkọ di púpọ̀ nínú 'her hands', ó sì tún ń bá ọ̀rọ̀ ìṣe rìn nínú 'She hands me the cloth'. 'Iron gate' sì tún yàtọ̀: 'iron' ń sọ irú géètì tó jẹ́, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó lè sọ pé 'very iron'. Orúkọ tó ń yán orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni mo gbà pé ó jẹ́, bíi 'school' nínú 'school bag'.

Ìdánwò tó dá lórí bí a ṣe ń pe ọ̀rọ̀ ni ó bá mi lójijì jù. 'Record' tó jẹ́ orúkọ, iwájú ni a ti ń tẹnu mọ́ ọn. Èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe, ẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni 'permit', 'object', 'import' àti 'present'. Etí Yorùbá lè rí èyí mú, nítorí ibi tí Gẹ̀ẹ́sì bá ti tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ ni àwa sábà máa ń fi ohùn òkè sí nígbà tí a bá yá a, bí a ṣe gbé ohùn sókè lórí 'pú' nínú 'kọ̀ǹpútà'. Inú mi dùn sí ohun tí mo rí yìí débi pé mo sọ ọ́ di òfin fún gbogbo ọ̀rọ̀, mo ń tẹnu mọ́ iwájú 'report' nígbà tó bá jẹ́ orúkọ. Kò rí bẹ́ẹ̀: ẹ̀yìn ni a ti ń tẹnu mọ́ 'report', 'support' àti 'reply', ìbáà jẹ́ orúkọ, ìbáà jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe. Iwájú sì ni ti 'answer', 'visit' àti 'promise' nígbà gbogbo. Èyí tó le jù fún wa ni 'use', 'house', 'excuse' àti 'close', níbi tí ìró ìparí ti ń di 'z' bí ó bá ti di ọ̀rọ̀ ìṣe. Yorùbá kò ní ìró yẹn, etí wa kò sì tètè gbọ́ ọ. Níwájú dígí ni mo ti kọ́ ọ, tí mo fi ìka kan ọ̀nà ọ̀fun láti mọ̀ bóyá ó ń gbọ̀n, torí 'z' máa ń mú un gbọ̀n, 's' kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo béèrè lọ́wọ́ ara mi pé kí ló dé tí àwọn elédè yìí fi fi èdè wọn sílẹ̀ báyìí, ìdáhùn tí mo rí sì bá mi lára mu. Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, èyí tí wọ́n ń sọ kí àwọn ará Normandy tó gba ilẹ̀ náà ní 1066, máa ń fi àmì sára ọ̀rọ̀. 'Lufu' ni ìfẹ́, 'lufian' ni kí a fẹ́ràn. 'Andswaru' ni èsì, 'andswarian' ni kí a fèsì. Ìparí àwọn ọ̀rọ̀ yìí ń rọ lẹ́nu bí ọdún ti ń gorí ọdún, nígbà tó sì fi máa di nǹkan bí 1500, ọ̀pọ̀ wọn ti pòórá, méjèèjì ti di 'love', méjèèjì ti di 'answer'. Ipò tí ọ̀rọ̀ bọ́ sí ni ó gba iṣẹ́ tí ìparí rẹ̀ ń ṣe tẹ́lẹ̀. Àwa náà kò ṣàjèjì sí i pátápátá. 'Fún' jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe nínú 'Ó fún mi lówó', ọ̀rọ̀ atọ́kùn ni ọ̀pọ̀ sì kà á sí nínú 'Ó ra aṣọ fún mi', kò sì sí ọmọ Ìtọ́kú tí ó rú lójú.

Mo gba kírẹ́díìtì náà níkẹyìn. Mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ agboolé wa lọ́fẹ̀ẹ́ báyìí bí a bá ti sá aṣọ tán. Ibi tí mo rí i pé wọ́n ti ń pàdánù máàkì jù ni ìbéèrè tó ní kí a sọ orúkọ irú 'clause' tí gbólóhùn kékeré kan jẹ́, kí a sì sọ iṣẹ́ rẹ̀, nítorí ohun tí ọ̀rọ̀ kan ń ṣe ni àkójọ ọ̀rọ̀ náà ń ṣe. Ẹ wo 'when the rain stopped'. Nínú 'Nobody knew when the rain stopped', 'noun clause' ni, ó ń ṣe iṣẹ́ orúkọ, òun sì ni àbọ̀ ('object') fún 'knew'. Nínú 'We left when the rain stopped', 'adverbial clause' ni, ó ń sọ ìgbà tí a lọ. Nínú 'I remember the hour when the rain stopped', 'adjectival clause' ni, ó ń yán 'hour'. Ọmọ tó bá há a sórí pé 'adverbial clause' ni ohunkóhun tí 'when' bá bẹ̀rẹ̀ yóò gba ọ̀kan, yóò sì ṣi méjì. Máàkì orúkọ yàtọ̀ sí máàkì iṣẹ́, nítorí náà kí ẹ má ṣe kọ 'object of the verb' kí ẹ sì dúró síbẹ̀. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìṣe náà jáde, 'object of the verb "knew"', kí ẹni tó ń máàkì lè rí i pé inú gbólóhùn yẹn gan-an ni ẹ ti mú un.